Ìmọ́lẹ̀ Tó Ṣìnà Kò Sọnù: Háídrójìn Ara Ìràwọ̀ Onírù àti Ọ̀rọ̀ Tí A Fi Ń Pè É

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí jọ ọ̀rọ̀ àwọn ará ẹ̀ka físíìsì, ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀, ọ̀dọ̀ wa náà ló ń bọ̀.

Nígbà ìsinmi tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń ṣe olùkọ́ ní Ìlá-Ọ̀ràngún ní kí n wá bá àwọn ọmọ iléèwé gírámà tí òun ń kọ́ ní kíláàsì ìsinmi sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ náà gbà pé èèyàn kò lè fi Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì tó bá le. Mo ní kí n fi hàn wọ́n pé ó ṣeé ṣe. Mo mú ìmọ́lẹ̀ àti ìràwọ̀ onírù, mo sì sọ ọ́ báyìí: "Ìmọ́lẹ̀ oòrùn máa ń fọ́nká nínú háídrójìn tó yí ìràwọ̀ onírù ká. Àwọn onímọ̀ á wá ka ìmọ́lẹ̀ tó fọ́nká yẹn, wọ́n á sì fi mọ iye omi tó ń jáde lára ìràwọ̀ náà."

Ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, gààrí tó bá ti fọ́nká sínú yanrìn, ta ló tún lè kà á?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mi ò ní èsì. Mo kọ́kọ́ rò pé ọmọ náà ni kò mọ sáyẹ́ǹsì. Nígbà tí mo délé tí mo ronú sí i, mo rí i pé èmi ni mo mú ọ̀rọ̀ tí kò yẹ lò, àti pé èmi gan-an kò mọ ohun tí ìmọ́lẹ̀ yẹn ń ṣe. Mo padà lọ kàwé. Ohun tí mo rí nìyí.

Ohun tí bàbá àgbà rí, àti ohun tí wọn kò rí

Adẹ́mu ni bàbá bàbá mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Ìlá, ẹ mọ̀ pé ìlú náà àti ẹmu ti mọwọ́ ara wọn tipẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1997, bí bàbá ṣe ń jáde lọ sídìí ọ̀pẹ kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n rí ìràwọ̀ kan lápá àríwá ìlà-oòrùn tó ní ìrù. Wọ́n ní ńṣe ló dà bíi pé èèyàn fi ẹfun fa ìlà sójú ọ̀run. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni wọ́n fi ń rí i.

Ìràwọ̀ Hale-Bopp ni. Alan Hale àti Thomas Bopp ló kọ́kọ́ rí i ní Amẹ́ríkà, lóṣù keje ọdún 1995, òru kan náà ni, ibi tí kálukú wọn wà sì yàtọ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 1997 ló sún mọ́ oòrùn jù lọ.

Ìràwọ̀ onírù kì í ṣe ìràwọ̀ gidi. Òkìtì omi dídì ni, tí eruku àti àwọn gáàsì mìíràn pò mọ́. Tó bá ti sún mọ́ oòrùn, omi dídì yẹn á máa di oruku tó ń fẹ́ jáde sínú òfìfo láì tilẹ̀ kọ́kọ́ yọ́. Nígbà tí Hale-Bopp sún mọ́ oòrùn jù, nǹkan bí 300 tọ́ọ̀nù omi ló ń jáde lára rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Ìyẹn tó omi tó máa kún tánkà epo mẹ́sàn-án tó ń gbé 33,000 lítà, ká tó pajú pẹ́.

Omi yẹn kò pẹ́ lójú oòrùn. Gẹ́gẹ́ bí gbogbo wa ṣe kọ́ ọ, háídrójìn méjì àti ọ́síjìn kan ló di omi. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn á já háídrójìn kan kúrò lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà á tún já ìkejì kúrò lára ọ́síjìn. Háídrójìn tó kọ́kọ́ já máa ń sáré tó bíi 20 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìkejì á sáré tó bíi 8. Èyí tó ń sá 20 yẹn á ti rin 1,728,000 kìlómítà lójúmọ́ kan. Nítorí pé ó lè pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ kan lọ kí oòrùn tó sọ ọ́ di nǹkan mìíràn, ìkùukùu háídrójìn tó yí ìràwọ̀ náà ká máa ń fẹ̀ gan-an. Ti Hale-Bopp fẹ̀ tó 100 mílíọ̀nù kìlómítà. Oòrùn fúnra rẹ̀ kò ju 1.4 mílíọ̀nù kìlómítà lọ ní ìbú. Ìrù ni bàbá àgbà rí; wọn kò rí ìkùukùu yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó tóbi ju oòrùn lọ ní ìlọ́po àádọ́rin.

Kí ló dé tí wọn kò fi rí i? Ìmọ́lẹ̀ tó fi ń tàn kì í ṣe èyí tí ojú èèyàn lè rí. Ìgbì ni ìmọ́lẹ̀, gígùn ìgbì rẹ̀ ni a sì fi ń mọ àwọ̀ rẹ̀. Nanomita ni a fi ń wọ̀n ọ́. Bí a bá pín mítà kan sọ́nà bílíọ̀nù kan, ọ̀kan níbẹ̀ ni nanomita. Àwọ̀ èsè àlùkò tó kẹ́yìn nínú ohun tí ojú wa lè rí wà ní nǹkan bí 380. Èyí tó bá kúrú jù bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ultraviolet. Ti háídrójìn yìí jẹ́ 121.6 nanomita. Theodore Lyman rí i ní Amẹ́ríkà ní 1906, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Lyman-alpha. Yàtọ̀ sí pé ojú wa kò rí i, afẹ́fẹ́ ayé máa ń gbé e mì kó tó dé ilẹ̀. Àfi kí èèyàn gbé awò kọjá òkè afẹ́fẹ́ kó tó lè rí i.

Ọdún 1970

Ní 1968, Ludwig Biermann, onímọ̀ ará Jámánì, fi ìṣirò sọ pé ó yẹ kí ìkùukùu háídrójìn ńlá wà yí ìràwọ̀ onírù ká. Kò sẹ́ni tó tíì rí i nígbà náà. Ní oṣù kìíní ọdún 1970, sátẹ́láìtì OAO-2 wo ìràwọ̀ onírù Tago-Sato-Kosaka, ìkùukùu náà sì wà níbẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà, sátẹ́láìtì OGO-5 rí irú rẹ̀ lára ìràwọ̀ Bennett.

Ẹni kan tó yẹ kí gbogbo wa mọ̀ ni George Carruthers, onímọ̀ aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà. Òun ló ṣe kámẹ́rà ultraviolet tí àwọn awòràwọ̀ Apollo 16 gbé lọ sórí òṣùpá ní 1972. Kámẹ́rà náà ya ayé wa pẹ̀lú aṣọ háídrójìn tó wọ̀, nítorí ayé náà ní háídrójìn tó ń tàn ní Lyman-alpha. Irú kámẹ́rà yìí náà ni wọ́n fi ya háídrójìn ara ìràwọ̀ onírù Kohoutek láti inú ọkọ̀ Skylab.

Mo ní kí ẹ rántí 1970 nítorí ohun mìíràn. Ọdún yẹn ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo iṣẹ́, títí kan sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò, fún ọdún mẹ́fà gbáko. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn sí àwọn tó fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ́ tiwọn. Ọdún tí ayé rí háídrójìn yìí ni àwọn bàbá wa ti fi hàn pé èdè wa gbé sáyẹ́ǹsì. Tí ó bá wá ku ẹnu láti sọ ọ́, ẹ̀bi èdè kọ́.

Átọ́ọ̀mù náà mọ ohùn

Kí ni ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń ṣe nínú ìkùukùu yẹn? Níbí ni ẹ̀kọ́ wa ti wúlò.

Igba, igbá, ìgbà, ìgbá. Kọ́ńsónáǹtì kan náà, fáwẹ́lì kan náà. Ohùn nìkan ló yà wọ́n. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá kò ní gbé igbá fún yín tí ẹ bá ní ìgbà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni átọ́ọ̀mù háídrójìn ṣe rí sí ìmọ́lẹ̀. Ẹgbàágbèje ìmọ́lẹ̀ ló ń kọjá lára rẹ̀ tí kò dá lóhùn. Ṣùgbọ́n tí 121.6 nanomita bá dé, ó mọ̀ pé òun ni wọ́n ń pè. Á gba hóró ìmọ́lẹ̀ náà sára, agbára rẹ̀ á sì gbé e sókè. Kò lè dúró lókè pẹ́. Kíá ló máa tún ju hóró ìmọ́lẹ̀ jáde, ohùn kan náà, ṣùgbọ́n kò pọn dandan kó jù ú síbi tí ti àkọ́kọ́ dojú kọ. Ó lè jù ú síwájú, sẹ́yìn, tàbí sí ẹ̀gbẹ́.

Ẹ wò ó dáadáa: kò sí ohun tó fọ́. Ìmọ́lẹ̀ kò rún wẹ́wẹ́ bíi gààrí. Átọ́ọ̀mù gbà á, ó sì tún fi í ránṣẹ́.

Èyí ló jẹ́ kí kíkà ṣeé ṣe. Ẹ jẹ́ ká fi wé ìgbà tí olùkọ́ bá ń pe orúkọ ní kíláàsì. Ká ní a mọ̀ pé oòrùn ń pe átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Tí awò wa bá ka ìdáhùn 600 láàárín ìṣẹ́jú mẹ́jọ, a jẹ́ pé átọ́ọ̀mù 600 ló wà níbẹ̀. Láti iye átọ́ọ̀mù, a ó mọ iye omi tó ń jáde. Ní ẹ̀bá ìkùukùu náà, níbi tí átọ́ọ̀mù ti jìnnà síra, ìṣirò yìí tọ̀nà.

Níbi tí ìkùukùu ti ki

Nítòsí òkìtì omi dídì fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Átọ́ọ̀mù ti pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn tó wà níwájú lápá oòrùn á ti gba ìpè kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà lẹ́yìn. Ìdáhùn tí ọ̀kan bá sì fún, èkejì rẹ̀ lè tún gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́ kó tó jáde. Ẹni tó bá ka ibẹ̀ bó ṣe ka ẹ̀bá á ṣìṣe: iye tó máa kà kò ní tó iye tó wà níbẹ̀. Kíláàsì tí àwọn tó jókòó sẹ́yìn kò ti gbọ́ orúkọ wọn ni. Kì í ṣe pé wọn kò wá.

Ẹni tó bá ti gba ojú ọ̀nà Ìlá lọ sí Òkè-Ìlá tàbí Ọ̀rà láàárọ̀ ọjọ́ tí ìkùukùu bo ilẹ̀ á mọ ohun tí mò ń sọ. Dírẹ́bà tó bá tan iná mọ́tò gíga kò ní rí ọ̀nà. Funfun ni gbogbo iwájú rẹ̀ á máa tàn. Ìmọ́lẹ̀ náà ń kọ lu ẹ̀kán omi kan lẹ́yìn òmíràn, ó ń yà sọ́tùn-ún, ó ń yà sósì, òmíràn sì ń padà wá bá dírẹ́bà lójú. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ẹ̀kán omi kì í yan ohùn, gbogbo àwọ̀ ló ń dá padà. Háídrójìn ní tirẹ̀ ń dúró de ohùn kan ṣoṣo.

Ẹ rántí ìtàn tí àwọn àgbà máa ń sọ nípa orúkọ Ìgbómìnà: pé Ọ̀ràngún mú ògbó kan bọ̀ láti Ilé-Ifẹ̀, ògbó náà ló sì ń fọ̀nà hàn án, ògbó mọ̀nà. Hóró ìmọ́lẹ̀ tó wà nínú háídrójìn kò ní ògbó lọ́wọ́. Ibi tí wọ́n bá jù ú sí ló ń lọ.

Báwo ni a ṣe wá lè ṣe àwòṣe ohun tí kò mọ̀nà? Ẹ̀yin náà lè dán èyí wò. Ẹ wá ìwé gíráàfù, kí ẹ ya òbírí tó jẹ́ pé láti àárín rẹ̀ dé etí rẹ̀ jẹ́ ilé márùn-ún. Ẹ kọ Àríwá, Gúúsù, Ìlà-oòrùn àti Ìwọ̀-oòrùn sórí bébà mẹ́rin, kí ẹ ká wọn, kí ẹ kó wọn sínú ife. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àárín. Ẹ mú bébà kan láìwò, ẹ lọ sí ilé kan sí ibi tó bá wí, ẹ dá bébà padà, ẹ tún mú. Ẹ ka iye ìgbésẹ̀ títí tí ẹ ó fi jáde nínú òbírí.

Ẹni tó mọ̀nà á jáde ní ìgbésẹ̀ mẹ́fà. Tí ẹ bá ṣe é lọ́pọ̀ ìgbà, àròpín tiyín á wà ní àyíká 30. Tí ẹ bá sọ òbírí náà di ilé mẹ́wàá, kò ní jẹ́ 60. Á lé díẹ̀ ní 100. Mo fi ọwọ́ ṣe é títí ó fi sú mi, ni mo bá fi Python tí wọ́n kọ́ wa fún kíka ọ̀rọ̀ inú kọ́pọ́ọ̀sì ṣe ìyókù. Ọ̀nà yìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní Monte Carlo, wọ́n fi sọrí ìlú tí àwọn èèyàn ti ń ta tẹ́tẹ́ ní Mónákò. Kọ̀ǹpútà á rán ẹgbẹẹgbẹ̀rún hóró ìmọ́lẹ̀ wọnú ìkùukùu, á máa ṣe kèǹgbè fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní gbogbo ìgbésẹ̀, á sì ka àwọn tó jáde àti ibi tí wọ́n gbà jáde.

Ṣùgbọ́n àwòṣe tèmi ní àléébù kan: mo gbàgbé ohùn. Nígbà tí mọ́tò tó ń fọn fèrè bá ń bọ̀, ohùn fèrè á ga. Tó bá kọjá, á lọ sílẹ̀. Christian Doppler ló ṣàlàyé èyí ní 1842, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí fún ìmọ́lẹ̀. Átọ́ọ̀mù tó ń sá 20 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan lè yí 121.6 nanomita padà tó bíi 0.008. Ó kéré lójú. Ṣùgbọ́n lójú átọ́ọ̀mù tí eré tirẹ̀ yàtọ̀, igbá ti di ìgbà nìyẹn. Kò ní dáhùn. Hóró ìmọ́lẹ̀ tí ohùn rẹ̀ bá yẹ̀ báyìí lè kọjá láàárín ọ̀pọ̀ átọ́ọ̀mù láìsí ẹni tó dá a dúró, á sì bọ́ síta. Àwòṣe tó bá gbàgbé ohùn á há ìmọ́lẹ̀ mọ́lé ju bó ṣe yẹ lọ. Nítorí náà, ní gbogbo ìgbésẹ̀, àwòṣe tó péye gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta: báwo ló ṣe jìnnà tó kó tó tún bá átọ́ọ̀mù pàdé? Ibo ló kọjú sí báyìí? Ohùn wo ló ń lò?

Ẹ̀rí pé ìkùukùu náà ki lóòótọ́ wà lára Hale-Bopp yìí kan náà. Ẹ̀rọ SWAN, tó wà nínú ọkọ̀ SOHO tí wọ́n fi ránṣẹ́ sójú òfuurufú ní 1995, rí òjìji ìràwọ̀ náà. Háídrójìn tó wà láàárín rẹ̀ gba Lyman-alpha oòrùn débi pé ẹ̀yìn rẹ̀ ṣókùnkùn lára háídrójìn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó kún àárín àwọn plánẹ́ẹ̀tì. Òjìji yẹn gùn ju 150 mílíọ̀nù kìlómítà lọ.

Kí wá ni ká máa pè é?

A dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ti ṣiṣẹ́ lórí èdè-ìperí ṣáájú wa. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá ló fún èmi àti ẹ̀yin ní ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí a fi ń kọ ìdánwò wa. Ìmọ́lẹ̀ àti ìràwọ̀ náà nílò irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, mo sì fẹ́ dá àbá tèmi.

Mo ní kí a fi *ìfọ́nká* sílẹ̀ fún ìkùukùu ojú ọ̀nà àti eruku. Fún ohun tí átọ́ọ̀mù ń ṣe, mo dábàá *àgbàtàn*. A ti ní *àgbàsọ*, ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan gbà lẹ́nu ẹlòmíràn tó sì sọ. A ní *àgbàtọ́*, ọmọ tí a gbà tí a sì tọ́. Àgbàtàn ni ìmọ́lẹ̀ tí átọ́ọ̀mù gbà tó sì tún fi tàn.

Ẹ má sì ṣì í pè o. *Àgbàtán* ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, gbogbo wa la mọ̀ pé àgbàtán là ń gba ọ̀lẹ. Èmi rò pé a lè fi ìyẹn náà ṣiṣẹ́: tí eruku bá gba hóró ìmọ́lẹ̀ tí kò sì dá a padà, àgbàtán nìyẹn, ìmọ́lẹ̀ náà ti tán. Ohùn ìsàlẹ̀ àti ohùn òkè lórí sílébù kan ṣoṣo ló máa ya ìmọ́lẹ̀ tó ń rìn nìṣó sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó kú. Ẹni tí kò bá fi àmì ohùn sí i á ba ìṣirò jẹ́.

Mo padà sí kíláàsì yẹn kí ìsinmi tó parí. Mo sọ fún ọmọbìnrin tó dá mi lẹ́kun pé òun ló jàre, pé ìmọ́lẹ̀ náà kì í ṣe gààrí tó dà sínú yanrìn. Mo ní ẹ fi wé ọ̀rọ̀ àgbàsọ, tó ń ti ẹnu kan bọ́ sí ẹnu mìíràn.

Ó ronú díẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, a jẹ́ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ lẹ̀ ń kà. Iye ẹnu tó gbà á kọjá lẹ̀ ń kà."

Bẹ́ẹ̀ ni. Bí mo ṣe ka ìwé náà tó, mi ò rí ibi tí wọ́n ti sọ ọ́ yé mi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó dára ju àgbàtàn lọ, kó jọ̀ọ́ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí àwọn olóòtú wa, kó má sì gbàgbé àmì ohùn.